Ìdíwọ́ Sígínà Íńtánẹ́ẹ̀tì Aláìlówáyà ní Ìbàdàn Àtijọ́

Ìdíwọ́ sígínà ni kí ìgbì rédíò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba ojú ọ̀nà kan náà, kí ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀ débi pé fóònù tàbí ráútà kò ní lè ṣa tirẹ̀ kúrò láàárín wọn. Ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹyẹrúnkà, ó máa ń fara pa mọ́ sábẹ́ ẹjọ́ méjì mìíràn: àìtó sígínà, àti èrò tó pọ̀ jù lórí máàsì kan ṣoṣo. Ohun tí a fi ń tún ọ̀kan ṣe lè ba èkejì jẹ́.

Kì í ṣe ìgbà tí fóònù alágbèéká dé, ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1939 ni Rediffusion dé Ìbàdàn, wáyà ni wọ́n sì fi ń gbé ohùn wọ ilé oníbàárà, sínú àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì. Bí wáyà kò bá ti já, kò sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó lè dà á láàmú. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, orí òkè Màpó, tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn sí ní 1929, ni wọ́n gbé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán kálẹ̀ sí. Èkejì wà ní Abafọ̀n lẹ́bàá Ìkòròdú. Ibi gíga ni wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n òkè tó dára fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè di ìyọnu fún ẹni tó ń gbọ́. Ojú ìgbì tí ilé-iṣẹ́ fóònù lò ní máàsì kan ló tún ń lò ní òmíràn, torí kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú lé jíjìnnà, òkè àti ilé láti là wọ́n níyà. Níwájú Gbọ̀ngàn Màpó, kò sí ohun tó ń là wọ́n. Fóònù á máa gbọ́ máàsì ọ̀tún àti tòsì lẹ́ẹ̀kan náà, á máa fò láti orí ọ̀kan sí òmíràn. Ìlà sígínà á kún, fídíò ò ní gbéra.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wọ agboolé, ọ̀rọ̀ yí padà. Òkè dí ọ̀nà lápá kan, ògiri amọ̀ nípọn, páànù sì bo gbogbo orí ilé. Páànù kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá, ńṣe ló ń dá a padà. Ìgbì kan náà á wá gba ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin dé ọ̀dọ̀ fóònù, wọn ò ní dé pọ̀, wọ́n á sì máa pa ara wọn. Ọmọbìnrin tó ń ṣe POS nínú kọ̀ńténà onírin ní Bẹẹrẹ mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ: bí owó bá há, á na ẹ̀rọ náà jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn, á yí i sọ́tùn-ún díẹ̀, á dúró kí rìsíìtì jáde. Ìgbì 4G tó wà ní 2,600 megahertz kò ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ ní gígùn, nítorí náà sísún ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta lè yí gbogbo nǹkan padà.

Ti Wi-Fi tún yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba ìwé àṣẹ kó tó tan ráútà 2.4 gigahertz, nítorí náà gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú Bluetooth àti máíkírówéfù. Ojú ọ̀nà 13 ló ní, ṣùgbọ́n wọ́n gun ara wọn lẹ́yìn. 1, 6 àti 11 la lè lò pọ̀ láì jẹ́ pé wọ́n kan ara wọn. Ẹni tí ìdíwọ́ bá bá níbẹ̀ máa ń sáré ra ráútà tó lágbára sí i. Bí ìgbà tí aláta kan ní Ọjà'ba bá gbé ohùn sókè ni: ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà á gbé e sókè, kò ní pẹ́ tí oníbàárà ò fi ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a kó lọ sí 5 gigahertz, níbi tí ọ̀nà ti pọ̀, tí ògiri sì ń dá ti aládùúgbò dúró. Kí a dín fífẹ̀ ọ̀nà kù láti 40 megahertz sí 20. Kí a sì dín agbára ráútà fúnra rẹ̀ kù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣòro jù láti fi yé oníbàárà.

Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ní agboolé ní ìlú ló ní abúlé ní Lágelú, Ọ̀nà-Àrà, Àkínyẹlé tàbí Ìdó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì dé oko lè na áńtẹ́nà 5.8 gigahertz síbẹ̀ láti orí òkè, ṣùgbọ́n kí áńtẹ́nà méjèèjì rí ara wọn nìkan kò tó. Bí kìlómítà 10 bá wà láàárín wọn, ìgbì náà ń fẹ̀ lójú ọ̀nà títí tó fi gba nǹkan bíi mítà 11 yí ìlà ojú ká ní agbedeméjì, ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣófo. Igi tíìkì máa ń wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn. Áńtẹ́nà tí wọ́n kọ́ ní oṣù kejì á lọ geere; tó bá di oṣù kẹfà, ewé tutù á ti dí i, wọ́n á ní òjò ló ń ṣe é. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ ran 5.8, láti nǹkan bíi 10 gigahertz lọ sókè ló ti ń jẹ ìgbì níyà, bíi ti íńtánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì Starlink tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023. Bí abúlé méjì bá sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjì òkè, tí wọ́n ń bá òpó kan sọ̀rọ̀, wọn ò ní gbọ́ ara wọn, wọ́n á máa já lu ara wọn. Àfi kí òpó pín àkókò fún wọn. Bí òpó ẹlòmíràn bá ń dí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n yí áńtẹ́nà tó wà lóòró sí ìbú, ìyẹn máa ń dín in kù púpọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń dá lẹ́bi jù. Rédíò AM ni ariwo rẹ̀ ń bà jẹ́. Ti ráútà, iná tó ń lọ sókè sódò ló ń pa á tó tún ń jí i. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ lẹ́jọ́ láti jẹ́: ní àfẹ̀mọ́júmọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń bo tútù lórí, á tẹ ìgbì FM wálẹ̀, rédíò ìlú tó jìnnà á sì já wọ ti Ìbàdàn.

Bústà tí àwọn kan ń kọ́ sórí òrùlé ń gbé ariwo sókè pẹ̀lú sígínà, ó sì lè da máàsì tó sún mọ́ ọn rú fún gbogbo àdúgbò. Àjọ NCC, tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó láìgba àṣẹ. Ẹni tí ìdíwọ́ bá ń yọ lẹ́nu á kọ́kọ́ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, á fi sun ilé-iṣẹ́ tó ń tà á ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí wọn ò bá dá a lóhùn, kó pe 622 ti NCC, ọ̀fẹ́ ni.