Ìjinná iṣan orúnkún lẹ́yìn gígé

Ìjinná iṣan orúnkún lẹ́yìn gígé ni ọ̀nà tí ara ń gbà tún iṣan ṣe nígbà tí oníṣẹ́ abẹ bá gé lára rẹ̀ láti fi rọ́pò iṣan mìíràn tó já nínú orúnkún. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wà lára àwọn tó sábà máa ń nílò irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ iṣan iwájú, tó so ọmọrí orúnkún mọ́ ojúgun, ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń gé láàárín rẹ̀, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 10, pẹ̀lú ègé egungun kékeré lókè àti nísàlẹ̀. Ẹran tó jọ àpá ló ń dí àlàfo náà díẹ̀díẹ̀. Iṣan á ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fọ́nrán rẹ̀ lè má tò bíi ti ìbẹ̀rẹ̀ kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ìkúnlẹ̀ a máa dun àwọn mìíràn fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ ńlá sì ni fún ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà.

Ti iṣan ẹ̀yìn itan, tí wọ́n tún máa ń gé fún iṣẹ́ abẹ yìí, yàtọ̀: wọ́n lè yọ odindi iṣan, síbẹ̀ ó sábà máa ń hù padà láti òkè wá sísàlẹ̀. Oníwádìí kan tó ń jẹ́ Cross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà kọ̀wé nípa èyí ní 1992.