Ibi tí Iná Táyà Inú Jíìpù Wa Ti Wá: Ọ̀rọ̀ Firestone àti Ford Explorer

Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù tó ń ti Amẹ́ríkà wọ Èkó, iná kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tí kì í fẹ́ kú. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ó rí bí ìkòkò tí kò ní ìdérí, àmì ìyanu sì wà láàárín rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ti rí i títí tí ojú wọn kò fi rí i mọ́. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ ní kí rìwáyà bá àwọn pa á, kí ojú àwọn lè sinmi. Bẹ́ẹ̀, ikú èèyàn tó lé ní igba ló bí iná náà. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe ṣẹlẹ̀ yóò mọ ohun tó yẹ kó wò kó tó sanwó táyà fún ọkọ̀ ńlá.

Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Henry Ford àti Harvey Firestone. Ní ọdún 1900 ni Firestone dá ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà tó di 1906, Ford ra táyà tó tó ọkọ̀ 2,000 lọ́wọ́ rẹ̀, láti ìgbà náà ni òwò sì ti so wọ́n pọ̀. Wọ́n jọ ń rìnrìn àjò, wọ́n jọ ń pàgọ́ sínú igbó. Nígbà tó yá, ìdílé méjèèjì di àna ara wọn, nítorí ọmọ-ọmọ Ford, William Clay Ford, fi ọmọ-ọmọ Firestone, Martha, ṣe aya ní 1947. Firestone kan náà ló gba ilẹ̀ oko rọ́bà ní Làìbéríà ní 1926, títí dé mílíọ̀nù kan éékà fún ọdún 99, ní sẹ́ńtì mẹ́fà lórí éékà kan lọ́dún. Ìyẹn ní ìtàn tirẹ̀, ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire. Ní 1988, ilé-iṣẹ́ Bridgestone ti orílẹ̀-èdè Japan ra Firestone pátápátá, ṣùgbọ́n Ford ń bá wọn ra táyà lọ bí ìgbà baba ńlá wọn.

Ní 1990 ni Ford gbé Explorer jáde. Ọkọ̀ náà ga, ó láyè nínú, ó sì bọ́ sí àkókò tí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pa mọ́tò pẹlẹbẹ tì, tí wọ́n ń ra jíìpù láti fi gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Kò pẹ́ tó fi di jíìpù tó ń tà jù lọ lọ́hùn-ún. Àmọ́ ohun tó bá ga, bí kò bá fẹ̀ tó bó ṣe ga, ìṣubú rẹ̀ kì í jìnnà. Nígbà tí wọ́n ń dán Explorer wò kí wọ́n tó gbé e sọ́jà, àwọn ẹnjiníà rí i pé bí awakọ̀ bá fi eré ya kọ́nà lójijì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà a máa fẹ́ gbéra nílẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n gbé yẹ̀ wò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n lè fẹ ọkọ̀ náà lójú sí i, wọ́n lè sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n lè dín atẹ́gùn táyà kù, wọ́n sì lè tún sípíríǹgì rẹ̀ ṣe. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yóò ná wọn ní owó àti àkókò. Sípíríǹgì àti atẹ́gùn táyà ni wọ́n mú. Wọ́n kọ ọ́ sára ọkọ̀ pé kí géèjì ka 26, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà náà lè gba 35.

Níbi yìí ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ dínkù a máa rọ̀ lójú ọ̀nà, ìrìn rẹ̀ a sì máa tu ará ọkọ̀ lára. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ wọlé, á sì nà padà. Ẹ mú wáyà tín-ín-rín kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan. Kó tó dá, yóò kọ́kọ́ gbóná mọ́ yín lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti táyà. Irú táyà tó wà lẹ́sẹ̀ Explorer, bí ọkọ̀ bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí, yóò yí ju ìgbà 700 lọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ẹ wá fi ẹrù àti èèyàn márùn-ún kún un, kí ẹ fi oòrùn Arizona tàbí ti Texas lé e lórí. Lábẹ́ ojú táyà tí a ń rí, bẹ́líìtì méjì tí wọ́n fi wáyà irin hun ló wà, ọ̀kan lórí èkejì, rọ́bà ló sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, rọ́bà àárín wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sán láti etí. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò ní mọ̀. Lọ́jọ́ kan, lórí eré, gbogbo ojú táyà náà á bó kúrò bí ìgbà tí a bó ọsàn. Lọ́gán ni ọkọ̀ á fà sí ẹ̀gbẹ́ kan; bó bá wá jẹ́ ọkọ̀ tó ga, tí awakọ̀ sì fi ìbẹ̀rù fa sitiári, ọkọ̀ á gbókìtì.

Orúkọ tí wọ́n kọ sára táyà ọ̀hún ni P235/75R15. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ka irú nǹkan báyìí bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù, kí wọ́n ṣáà lè rí irú rẹ̀ rà. Nọ́ńbà 235 ni ìbú táyà ní mìlímítà. 75 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, èyí tí Michelin gba àṣẹ lé lórí ní ilẹ̀ Faransé ní 1946. 15 sì ni ínṣì ríìmù. Lẹ́tà P tó ṣíwájú ni kí ẹ fojú sí. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó túmọ̀ sí. Wọ́n lè fi sí jíìpù, òfin Amẹ́ríkà sì gbà á, ṣùgbọ́n òfin náà ní bí wọ́n bá fi sí i, ẹrù tí a kọ sára rẹ̀ pé ó lè gbé, kí a fi 1.10 pín in, nítorí jíìpù a máa fi ìyà jẹ táyà ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni LT. Ó le ju P lọ, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi rọ́pò P kí a sì fi atẹ́gùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Atẹ́gùn tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i kó tó lè gbé ẹrù kan náà. Lẹ́yìn ìwọ̀n yìí, ẹ óò rí nọ́ńbà ẹrù àti lẹ́tà eré. S kò gbọdọ̀ kọjá 180 kìlómítà ní wákàtí, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240. Ẹni tó ra jíìpù olówó ńlá tí wọ́n ṣe fún eré, tó wá lọ ra táyà S sí i nítorí pé owó rẹ̀ dínkù, ó ti sọ ọkọ̀ rẹ̀ di nǹkan mìíràn láìmọ̀. Lẹ́tà kan tún wà fún bí táyà ṣe lè fara da ooru: A ló dára jù, B tẹ̀ lé e, C ló kẹ́yìn. C ni ti táyà Firestone tó wà lẹ́sẹ̀ Explorer.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń bàjẹ́ kì í ṣe ìjọba. Ní 1998, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì State Farm ka ìjàm̀bá 21 tó jọ ara wọn, ó sì kọ̀wé sí NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan sí i. Àwọn agbẹjọ́rò kan tó ń pe ẹjọ́ fún ẹbí àwọn òkú ti mọ̀ ṣáájú àkókò náà, wọn kò sì fi tó àjọ náà létí, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ìjọba bá wádìí tó ní òun kò rí nǹkan kan, ẹjọ́ àwọn yóò wọmi. Ní 1999, Ford ti ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Saudi Arabia pààrọ̀ táyà. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2000, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Venezuela. Ilẹ̀ olóoru ni méjèèjì. Wọn kò sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní Houston, KHOU, ló tú àṣírí náà síta ní oṣù kejì 2000. Akọ̀ròyìn wọn, Anna Werner, to ìjàm̀bá tẹ̀ lé ìjàm̀bá, ó fi orúkọ táyà àti ti ọkọ̀ síwájú àwọn tó ń wò. Firestone kọ lẹ́tà ìbínú sí wọn. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní yàrá ìròyìn rí. Bí ó bá ti gbóná tó ni ó yẹ kí olóòtú máa fura tó. Fóònù àwọn èèyàn tó ní irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn náà kò jẹ́ kí KHOU sinmi. Ní oṣù karùn-ún, NHTSA bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ 2000, Firestone kéde pé òun ń gba táyà mílíọ̀nù 6.5 padà. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ méjèèjì dúró níwájú àwọn aṣòfin. Masatoshi Ono ti Firestone tọrọ àforíjì. Jacques Nasser ti Ford ní ọ̀rọ̀ táyà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Firestone dáhùn pé bí ọkọ̀ náà kò bá ní ìṣòro tirẹ̀, èéṣe tí ó fi ń gbókìtì? Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 2001, Firestone kọ̀wé sí Ford pé òun kò ta táyà fún un mọ́. Lọ́jọ́ kejì, Ford ní òun yóò fi owó ara òun pààrọ̀ táyà Firestone mílíọ̀nù 13 mìíràn. Bí àjọṣe ọdún 95 ṣe parí nìyẹn. NHTSA ka òkú 271 àti àwọn tó fara pa tó lé ní 800.

Ta ló jẹ̀bi? Èrò tèmi ni pé àwọn méjèèjì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba kò gbà láti wádìí Explorer fúnra rẹ̀. NHTSA rí i ní 2001 pé rọ́bà tó wà láàárín etí bẹ́líìtì táyà náà kò nípọn tó. Ilé-iṣẹ́ Decatur, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó burú jù ti wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1994, Firestone sì kó àwọn mìíràn wọlé láti rọ́pò wọn. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Alan Krueger àti Alexandre Mas, tẹ ìwádìí jáde ní 2004 pé táyà tó jáde láti Decatur ní àkókò ìjà yẹn ló bàjẹ́ jù, pàápàá nígbà tí àwọn arọ́pò àti àwọn tó padà sẹ́nu iṣẹ́ jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn ló ń lẹ bẹ́líìtì pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n fi atẹ́gùn 26 sí táyà tí kò nípọn tó, lábẹ́ ọkọ̀ tó ga? Ìyẹn kò ti Decatur wá.

Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù kọkànlá 2000. Òfin yìí ló pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ máa sọ fún awakọ̀ bí atẹ́gùn táyà bá lọ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2007, kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tàbí jíìpù tuntun tó lè jáde ní Amẹ́ríkà láìní iná náà. Bí atẹ́gùn bá fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí iye tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ, iná á tàn. Ìwọ̀nyí ni jíìpù tí a wá ń rà lónìí ní tòkúnbọ̀.

Táyà tòkúnbọ̀ náà ń bá wọn wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà àlòkù wà lára ohun tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kọ̀ pé kò gbọdọ̀ wọ Nàìjíríà. Michelin ti ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop dẹ́kun ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà ní 2008, a kò sì ní èyí tí a ń ṣe nílé láti fi wé e. Rọ́bà a máa gbó kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì nípọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn lẹ́tà DOT, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, ṣáájú ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Fún ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ìwọ̀n kan náà ni kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́, kí jíjẹ wọn má sì yàtọ̀ púpọ̀, nítorí èyí tó kéré á máa yí ju àwọn yòókù lọ, jíà ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.

Iye atẹ́gùn tí ọkọ̀ yín ń fẹ́ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Iye tó wà lára táyà kọ́. Ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni fọganáìsà ti gbọ́dọ̀ fi géèjì wọ̀n ọ́n. Ní ti iná náà, bí ó bá tàn tí kò ṣẹ́jú, atẹ́gùn ló dínkù. Bí ó bá ń ṣẹ́jú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀, kó tó wá dúró gangan, ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n nínú táyà ló ti bàjẹ́. Bátìrì ló ń lò, bátìrì náà kì í sì í ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lọ.