Orúkọ Ìdánwò Yí, Gẹ̀ẹ́sì Ò Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà

Àwọn bàbá wa tí wọ́n ṣe WASC ṣì máa ń fi "Grade One" wọn yangàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC lè máa rò ó pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Láyé ìjọba òyìnbó, Yunifásítì Cambridge ló ń ṣe ìdánwò àṣejáde fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa. Odindi ni ìwé ẹ̀rí wọn. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ẹ̀rí ti bọ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ òun ló mọ Ìṣirò jù ní kíláàsì.

Ní 1950, ọ̀gbẹ́ni Jeffery láti Lọ́ńdọ̀nù dábàá pé kí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní àjọ ìdánwò tirẹ̀. WAEC dé ní 1952. WASC tẹ̀ lé e, àmọ́ wọ́n ṣì ń ro èsì ẹ̀kọ́ mẹ́fà tí ọmọ ti ṣe dáadáa jù pọ̀, kí wọ́n tó pín àwọn tó yege sí ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta.

Ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ dé ìparí ní 1988, SSCE gba ipò WASC. "Grade One" pa rẹ́. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró láyè ara rẹ̀, láti A1 dé F9. NECO náà dé ní 1999.

Àtúnṣe gidi nìyẹn o. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu ọ̀nà yunifásítì: kírẹ́dìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òfin tí a lé jáde lójúde ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ irú ẹ̀: wọ́n tún ojú app kùn, kóòdù àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀.

Ẹnìkan á ní, "Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ni ní yunifásítì ni?" Òun ni. Àmọ́ kì í ṣe Ọlọ́run ló pa á láṣẹ. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fọ́dún mẹ́fà, títí kan Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Kí wọ́n máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ Físíìsì, Físíìsì ni kí ìdánwò bi í. Àtúnṣe tó kù nìyẹn.