Láti Ayé Ajẹ́lẹ̀ dé Ayé Ọlọ́pàá: Ta Ni Yóò Gbọ́ Ẹjọ́ Ará Èkìtì?

Kí ọlọ́pàá tó dé ilẹ̀ Èkìtì ni àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti wà níbẹ̀. Ìlú tí Ìbàdàn bá ṣẹ́gun a máa ní baba kékeré láàrin àwọn olóyè ogun Ìbàdàn, òun ni ó sì ń rán ajẹ́lẹ̀ lọ gba ìṣákọ́lẹ̀. Bí ajẹ́lẹ̀ bá hùwà ìkà, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rán an níṣẹ́ náà ni ẹjọ́ ń lọ. Ta ni yóò wá dá a lẹ́bi? Ní 1878, Fábùnmi Òkèmẹ̀sí bẹ́ ajẹ́lẹ̀ Oyèpẹ̀tun lórí. Ìtàn sọ pé ó fi ọwọ́ kan obìnrin ilé rẹ̀ ni. Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀, a kò sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà títí di oṣù Kẹsàn-án 1886.

Òyìnbó dé, orúkọ yí padà, ìṣòro kò yí. Akódà, ìyẹn ọlọ́pàá ìbílẹ̀, wà lábẹ́ àwọn aláṣẹ ìlú. Nígbà tí òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn gbóná ṣáájú 1966, àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn fi wọ́n fìyà jẹ alátakò. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, a dà wọ́n pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá àpapọ̀. Akódà bọ́ lọ́wọ́ olóṣèlú ìlú, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń bá ọlọ́pàá wí jìnnà sí ará ìlú: Àbújá ni Police Service Commission, àjọ tí òfin fún ní agbára náà, fi ṣe ibùjókòó.

Ní oṣù Kẹwàá 2020, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde láti tako SARS. Ìjọba tú ẹ̀ka náà ká, àwọn ìpínlẹ̀ sì gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀. Ti Èkìtì jókòó ní Adó lábẹ́ adájọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ìjọba sì san owó gbà-má-bínú fún àwọn kan. Ẹni tí a fìyà jẹ rí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá ro ẹjọ́ fún. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́, ó sì túká.

Èyí tí kò túká ni Òfin Ọlọ́pàá 2020, tí ó rọ́pò ti 1943. Ó pàṣẹ pé kí ọ̀gá àgọ́ máa fi orúkọ àwọn tí a mú láìsí ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí adájọ́ májísíréètì lóṣooṣù, kí adájọ́ náà sì máa bẹ àgọ́ wò ní ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré, àgbẹ̀ tí a tì mọ́lé kò nílò owó ọkọ̀ Àbújá. Ọ̀gá àgọ́ kọ́ ni ó ń gbé adájọ́ ga lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀ràn yìí kan ààbò gan-an. Ní 29 oṣù Kìíní 2024, a jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ gbé ní Èmùré. Ọjọ́ kan náà ni a pa ọba méjì ní Èkìtì. Ẹni tí ó rí àjèjì nínú igbó ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sáré lọ sí àgọ́. Bí ó bá ń bẹ̀rù pé a ó ti òun alára mọ́lé, yóò pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ ìbẹ̀wò yẹ kí ó wà ní gbogbo àgọ́. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin Èkìtì béèrè fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kí ará ìlú mọ oṣù tí adájọ́ wá àti oṣù tí kò wá.