Fíìmù Nìkan Kọ́ Ló Ń Kọ́ Ọ̀dọ́ ní Oògùn Owó

Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òkè-Àrẹ̀gbà, ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń fi ìkòkò sun orí ọmọbìnrin kan tí wọ́n pa. Nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ọ̀kan nínú wọn ní orí Facebook ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn owó. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, tí wọ́n sì ké sí ìjọba pé kí ó kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí fífi ènìyàn ṣoògùn. Facebook ni ọmọ náà dárúkọ, ṣùgbọ́n fíìmù ni ìjọba kọjú sí. Lai Mohammed, tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, pàṣẹ fún àjọ tó ń yẹ fíìmù wò pé kí wọ́n mójú tó o. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Shaibu Husseini tó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà kéde ní Enugu pé òfin tuntun ti wà tó lòdì sí ṣíṣe oògùn owó lẹ́ṣọ̀ọ́ nínú fíìmù, fídíò orin àti skit. Èrò mi ni pé òfin yìí kò kan ibi tí ọgbẹ́ wà. Ìtàn tó ń fi ẹ̀san hàn ló rọrùn fún un láti mú, nígbà tí àwòrán owó tí kò ní ìtàn, tí kò sì ní ẹ̀san, ń wọlé sọ́wọ́ ọmọ lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá sọ pé fóònù ló bí ìgbàgbọ́ nínú oògùn owó kò wẹ̀yìn wò. Ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà. Ní 1996, àwọn ará Owerri ti dáná sun ilé nínú rògbòdìyàn Otokoto, nígbà tí wọ́n ká orí ọmọdékùnrin kan mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́. Ṣáájú ìyẹn, ní 1992, Kenneth Nnebue ti gbé Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, fíìmù Igbo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Nínú rẹ̀, nǹkan ò rọgbọ fún Andy. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú un wọ ẹgbẹ́ awo, ó fi Merit ìyàwó rẹ̀ rúbọ, owó sì dé. Ṣùgbọ́n òkú Merit bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i láàárín fàájì, kò jẹ́ kó gbádùn owó náà, títí orí rẹ̀ fi dàrú. Ẹni tó bá jókòó wo bí owó ṣe dé, yóò wo bí ẹ̀san ṣe dé pẹ̀lú. Ọ̀nà yìí náà ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: ẹni tó ṣe oògùn owó kì í ṣe é gbé.

Fóònù ló gé ìtàn yìí sí wẹ́wẹ́. Ohun tó ń kọjá lójú ọmọ ọdún 17 lórí TikTok tàbí Instagram lè má ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ: Benz kan dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ na ìdì owó síta, orin ń dún, ó parí. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, kò sí ọdún tó fi ṣe wàhálà, kò sí òkú tó ń yọ síni. Wọ́n ti yọ orísun owó kúrò, ọmọ náà yóò sì fi ohun tó ti ń gbọ́ láti kékeré dí àlàfo náà: Yahoo ni, ìyẹn jìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí Yahoo Plus tí wọ́n fi oògùn owó kún. Bó bá dúró wò ó, ẹ̀rọ tó ń yan fídíò fún un ti ṣàkíyèsí, irú rẹ̀ ni yóò sì tún gbé wá. Ẹ̀rọ náà kò bìkítà bóyá ìríra ló mú un dúró tàbí ojúkòkòrò. Bí ojú ṣe pẹ́ tó lórí fídíò wà lára ohun tó ń kà. Andy nílò ọ̀rẹ́ kó tó rí ọ̀nà ẹgbẹ́ awo. Lónìí, lábẹ́ irú fídíò bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní bàbá tàbí àlùfáà á ti kọ nọ́ńbà WhatsApp sílẹ̀ pé owó ń bẹ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Gbájúẹ̀ tó ń wá owó ohun èlò lásán ló pọ̀ jù nínú wọn, mo gbà. Síbẹ̀, ọmọ tó bá ti sanwó yẹn ti kúrò nídìí ìtàn tó ń gbọ́, ó ti dé ìdí ọjà tó ń ná.

Àtakò tó lágbára jù ni pé fíìmù gan-an ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé oògùn owó ń jẹ́. Òótọ́ ni, n kò sì ní gbèjà àwọn olóòtú lórí èyí. Wọ́n ń fi ẹ̀san hàn, àmọ́ wọ́n ń fi igbá tó ń pọ owó hàn pẹ̀lú, ẹni tí ebi ń pa sì lè gba ti igbá gbọ́, kó ní òun yóò wá ọgbọ́n dá sí ti ẹ̀san. Fíìmù tí a nílò ni èyí tí oògùn náà kò ti ní jẹ́, nítorí kì í jẹ́. Kọ́bọ̀ kan kò jáde nínú ìkòkò Òkè-Àrẹ̀gbà. Ọmọ ọlọ́mọ ló ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí olóòtú kan bá fẹ́ sọ ìtàn yẹn, oògùn owó ni yóò kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òfin ní ìṣelẹ́ṣọ̀ọ́ nìkan ni òun kọ̀, àmọ́ ta ni yóò fa ìlà sáàárín rẹ̀ àti ìfihàn? Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ṣe fíìmù kò ní dúró gbọ́ ìdáhùn. Ńṣe ni yóò sá fún ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

Àwọn mìíràn ní ìṣẹ́ ni ká gbógun tì, ká fi fóònù sílẹ̀. Ìṣẹ́ a máa lé ènìyàn wá owó, ṣùgbọ́n kì í sọ fún un pé orí ọmọ ẹlòmíràn ni yóò wá a sí. Àìmọye ọmọ tálákà ni kò jẹ́ dán an wò láé. Gbígba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kò sì lè ràn wá lọ́wọ́, nítorí òun náà ni wọ́n fi ń múra ìdánwò JAMB, òun ni wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń gé aṣọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì wọ̀nyí ló yẹ kí a kọjú sí. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba ti ti Twitter pa, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, oṣù kan náà tí ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta ṣẹlẹ̀, ni wọ́n tó ṣí i, lẹ́yìn tí wọ́n bá ilé-iṣẹ́ náà dúnàá-dúrà. N kò fọwọ́ sí ìdènà náà rárá. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS pàápàá ti dájọ́ pé kò bófin mu. Àmọ́ ó fi hàn pé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jókòó bá Nàìjíríà dúnàá-dúrà. Ohun tó yẹ kí a bi wọ́n nídìí tábìlì yẹn ni iye ènìyàn tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti ka Yorùbá, Igbo, Haúsá àti Pijin tí àwọn oníṣòwò ẹ̀jẹ̀ fi ń polówó ọjà wọn. Ẹ̀rọ kò lè ṣe é nìkan: yóò pa fídíò onísègùn tó ń kọ́ni ní ewé rẹ́, yóò sì fi ti apànìyàn sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ èdè wọ̀nyí dáadáa, tí wọ́n sì mọ ọjà náà bí wọ́n bá ti rí i, kún Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Owerri, iṣẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá.