Peckham Lójú Àwọn Oníròyìn

Lọ́dún 2000, ilé ìkàwé Peckham, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, gba ẹ̀bùn Stirling, ẹ̀bùn tó ga jù fún ilé kíkọ́ ní Bìrìtìkó. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 tó ti Èkó dé ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, kúrò nílé ìkàwé yìí, ó sì gba ọgbẹ́ ikú kó tó délé. Láti ọjọ́ náà, orúkọ Peckham di ohun tí ìwé ìròyìn fi ń dẹ́rù bani. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀bùn mọ́.

Kò pé ọdún mẹ́wàá tí ohùn fi yí padà. Lọ́dún 2009, ilé ọtí Frank's ṣí lórí òrùlé ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà. Ní oṣù kejìlá 2012, ọkọ̀ ojú irin Overground dé. Peckham wá di ibi ìgbádùn, bí ẹni pé ibẹ̀ ṣófo tẹ́lẹ̀. Ruth Glass, onímọ̀ nípa àwùjọ tó fún irú àyípadà yìí lórúkọ, gentrification, lọ́dún 1964, London náà ló ń wò, ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń lé jáde ló sì ká a lára. Àwọn oníròyìn mú orúkọ náà, wọ́n fi àwọn ènìyàn náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní Rye Lane, òpópónà ọjà Peckham. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo níbẹ̀ lè gba alápatà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, onídìrí àti ẹni tó ń báni fowó ránṣẹ́ sílé. Oníròyìn kan á pè é ní rúdurùdu, òmíràn á pè é ní aláràbarà. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ìṣirò owó ni: ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká odindi ṣọ́ọ̀bù á gba igun kan, á san ìwọ̀n tirẹ̀. Bí owó ilé bá gòkè, àwọn mẹ́rin yìí ni yóò kọ́kọ́ dẹrù. Ẹni tó ń lọ ra èlùbọ́ àti ìgbín níbẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́.

Láti ọdún 1989 sí 1994, eré tẹlifíṣàn Desmond's gbé ìtàn rẹ̀ ka ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Peckham. (Eré ẹ̀fẹ̀ ni, mo mọ̀.) Oníṣọ́ọ̀bù náà, ará Guyana, ní ìyàwó, ọmọ, ọ̀rẹ́, àti àlá pé òun yóò padà sílé lọ́jọ́ kan. Fíìmù Rye Lane ti ọdún 2023 dùn ún wò, àmọ́ ìfẹ́ ló ń sọ. Ọjà kàn ń kọjá lẹ́yìn olólùfẹ́ méjì ni. Lójú tèmi, òkè téńté tí wọ́n gbé Peckham dé rí ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ yẹn, àtìgbà náà ni wọ́n sì ti ń sọ̀ kalẹ̀.