Lẹ́tà Ṣáínà àti Àmì Ohùn Yorùbá Lórí Fóònù

Bí àgbẹ̀ kan ní Àjàgbà, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, bá fi fóònù kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ tí ń bọ̀ láti Òkìtìpupa pé ‘Mu igba bo’, kí ni ọmọ náà yóò mú bọ̀? Ṣé igbá tí a fi ń bu omi ni, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, tàbí igba náírà? Ohùn tí ìbá là á yé e kò sí nínú ìwé náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀lẹ ni bàbá yìí. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn, ó sì yẹ kí a gbé ìtàn náà yẹ̀ wò pẹ̀lú ti àwọn ará Ṣáínà, tí ìṣòro tiwọn ju tiwa lọ fíìfíì.

Àwọn wọ̀nyí kò ní álífábẹ́ẹ̀tì; ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ táípù dé, inú àwo ńlá kan ni wọ́n to àmì tí ó lé ní 2,000 sí, tí akọ̀wé a sì máa wá ọ̀kọ̀ọ̀kan kiri. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nínú wọn tilẹ̀ dábàá pé kí wọ́n da àwọn àmì náà nù, kí wọ́n máa lo lẹ́tà bíi ti àwọn ará Yúróòpù. Ní 1947, òǹkọ̀wé kan, Lin Yutang, fi ẹ̀rọ tuntun hàn ní New York. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì méjì, àmì bíi mẹ́jọ a yọ ní ojú fèrèsé kékeré kan, a ó sì yan èyí tí a ń fẹ́. Ẹ̀rọ náà kò dé ọjà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò kú. Ní 1958 ni ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí Pinyin, ètò tí a fi lẹ́tà bíi tiwa kọ ìró èdè wọn. Lórí fóònù lónìí, ẹni tí ó bá tẹ ‘ma’ lásán yóò rí àmì tí ó jẹ́ ìyá, èyí tí ó jẹ́ ẹṣin, àti èyí tí ó jẹ́ pé kí a bú ènìyàn. Yóò sì fi ìka kan èyí tí ó fẹ́. Èdè olóhùn ni tiwọn bíi tiwa, síbẹ̀ òǹkọ̀wé kò tẹ ohùn rárá. Ẹ̀rọ ni ó ń wá ọ̀rọ̀ jáde, òun a sì yàn.

Ní tiwa, àmì díẹ̀ péré ni a nílò. Ìpàdé tí ìjọ C.M.S. ṣe ní Èkó ní 1875 ni ó fìdí àkọtọ́ wa àtijọ́ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n táípù tí ó dé ọ́fíìsì wa, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Akọ̀wé a tẹ lẹ́tà lásán, a sì fi kálàmù to àmì sí i lẹ́yìn náà. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, kálàmù a gbàgbé. Ní tèmi, níbẹ̀ ni àṣà à-ń-kọ-Yorùbá-láìlámì ti gbilẹ̀, kì í ṣe lórí fóònù.

Fóònù GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 1001 lé ní 1000, èyíinì ni 2001, ó sì bá àṣà náà nílẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160, bí gbogbo wọn bá wà nínú àkójọ tí àwọn ará Yúróòpù ṣe. Wọ́n fi à, è, ì, ò, ù àti é sínú rẹ̀ nítorí èdè ọ̀dọ̀ wọn; wọn kò fi á, í, ó àti ú sí i, ká má tilẹ̀ sọ ẹ, ọ àti ṣ. ‘Bàtà’ lè kọjá, ‘bàbá’ kò lè kọjá. Bí ẹyọ lẹ́tà kan péré bá jẹ́ àlejò, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà a bọ́ sí ètò mìíràn, 160 a sì di 70. Àádọ́rin náà ni ti ará Ṣáínà, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ kan lè dá dúró bí odindi ọ̀rọ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo àgbáyé tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1991, ní ọ lẹ́yọ kan, nítorí àwọn ará Vietnam náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n kò ní ọ́ lẹ́yọ kan, a ní láti gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀. Àyè méjì ni ó ń gbà. Ta ni yóò san owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì nítorí àmì ohùn?

Lónìí, íntánẹ́ẹ̀tì ti gbé ẹrù owó yẹn kúrò. Google ní pátákó ìtẹ̀wé fún Yorùbá lórí fóònù, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName náà sì ti ṣe tiwọn. Ohun tí ó kù ni ìrọ̀rùn, ọgbọ́n Ṣáínà sì lè bá wa ṣe é: kí a tẹ ‘igba’, kí fóònù to igbá, igbà àti ìgbà síwájú wa.

Mo fara mọ́ ọgbọ́n yìí, ṣùgbọ́n ó ní ewu kan tí ará Àjàgbà yóò tètè rí. Ẹ̀rọ tí ń bá ni wá ọ̀rọ̀, inú àkójọ kan ni ó ti ń wá a. Ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ ní ìró gh, ó sì ń fi fáwẹ́lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí a ti rí i nínú orúkọ ìlú Ùgbò ní ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ aládùúgbò wọn. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní méjèèjì. Bí àkójọ náà bá jẹ́ ti àjùmọ̀lò nìkan, fóònù yóò máa ka ọ̀rọ̀ Ìkálẹ̀ sí àṣìkọ. Irú rẹ̀ ti wà ní Ṣáínà, nítorí ìró Mandarin ni Pinyin ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ará Hong Kong tí ń sọ Cantonese ní ọ̀nà àbáyọ: ó lè lo Cangjie, tí Chu Bong-Foo gbé kalẹ̀ ní 1976, tí í máa wo ìrísí àmì, tí kò bèèrè bí a ti ń pè é. Lẹ́tà tiwa, ìró nìkan ni ó ń tẹ̀ lé. Ará Ìkálẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí a kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ pẹ̀lú ohùn rẹ̀, kí a sì fi í sínú ẹ̀rọ náà.